Kí Ọbẹ̀ Pọ̀ Ju Òkèlè: Oúnjẹ Àwọn Bàbá àti Pírọ́sítéètì

(Ìlù àmì ètò wọlé, ó sì rọra lọ sílẹ̀.)

Ẹ kú ọjà, ẹ̀yin ìyá wa ní Ọjà'ba. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ̀yin tí mọ́tò yín há ní Bẹẹrẹ. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ gbé rédíò lé orí pèpéle ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Bẹ́yẹ̀rúnkà àti ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè Mápó, ní Ìbàdàn níbí.

Ẹ̀yin bàbá yìí gan-an ni mo bá wá. Ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ ní, ẹ má sì dá mi lóhùn sókè, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́: lóru àná, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dìde lọ tọ̀?

Ẹ bá mi fojú inú wo bàbá ẹni ọdún 62 kan nínú agbo ilé kan níbẹ̀ yẹn. Aago kan òru lù, ó dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó dúró. Ó tún dúró. Ìtọ̀ tó lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kíákíá kò wá fẹ́ jáde mọ́; tó, tó, tó ló ń kán, bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ lọ. Ó padà wọlé, oorun kò tíì gbé e lọ dáadáa tó tún fi dìde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìyàwó rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ṣe bí ẹni tó sùn, ṣùgbọ́n ó ń kà á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá ní ọjọ́ orí ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sì mọ ẹni tó ń ta párága tó lè lé e lọ. Ọ̀rẹ́ kejì ní àtọ̀gbẹ ni, kó má fi ẹnu kan ṣúgà mọ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ pírọ́sítéètì. Òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn náà ni màá mú yín wọ ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

(Ìlù kúkúrú.)

Ara ọkùnrin nìkan ni pírọ́sítéètì wà. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló jókòó sí, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín rẹ̀ kọjá, bí okùn ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè lára omi tó ń gbé àtọ̀ jáde. Nígbà tí ọkùnrin wà ní ọ̀dọ́, kò ju hóró awùsá kan lọ. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń wú. Tí ìlẹ̀kẹ̀ bá sì ń wú sínú, ẹ mọ̀ pé okùn tó gba àárín rẹ̀ á há. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń kán dípò kó tú, tí àpò ìtọ̀ kì í fi í gbẹ tán, tí bàbá fi ń dìde lóru léraléra.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ṣe pírọ́sítéètì. Àkọ́kọ́ ni wíwú tí mo sọ yìí. Òun ló wọ́pọ̀ jù, nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ti tó ẹni 60 ọdún ló ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Èkejì ni kí kòkòrò àìsàn wọ ibẹ̀, kó máa ro ni, kí ibà sì bá a rìn. Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ. Àrékérekè ni ti jẹjẹrẹ yìí: eteetí ìta ìlẹ̀kẹ̀ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tó jìnnà sí okùn. Kò ní dí ìtọ̀, kò ní dun ni, bàbá á máa sùn wọra títí á fi tàn dé egungun. Ẹni tó ń dìde lóru lè má ní jẹjẹrẹ rárá, ẹni tó sì ń sùn di àárọ̀ lè ní in.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa o. Ilé ìwòsàn UCH, tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, tí wọ́n fi ń ka irú jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn èèyàn ìlú yìí. Ní 1999, oníṣègùn méjì ní Ìbàdàn, J. O. Ogunbiyi àti O. B. Shittu, kọ ọ́ síta pé jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì ti bọ́ sí ipò kìíní láàárín jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ ni jẹjẹrẹ yìí máa ń mú láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Kò mọ olówó, kò mọ olóyè. Wọ́n rí i lára Nelson Mandela ní 2001, wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀, ó sì lo ọdún méjìlá sí i láyé. Òun náà ni ìjọba Ondó sọ pé ó pa gómìnà wọn, Rotimi Akeredolu, ní oṣù Kejìlá 2023, agbẹjọ́rò tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ òfin ní Ìbàdàn níbí.

(Ìlù kúkúrú.)

Ẹni kan á ní: “Kí ni àmàlà ní í ṣe pẹ̀lú gbogbo èyí?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ gbọ́ ìtàn àwọn ará Japan. Jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wọn nílé, níbi tí ẹja, ẹ̀wà sóyà àti ewébẹ̀ ti jẹ́ oúnjẹ wọn. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn ṣí lọ sí Hawaii àti California, tí wọ́n ń jẹ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ, jẹjẹrẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí mú wọn ju àwọn tó kù sílé lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò yí padà, ilẹ̀ àti àwo ló yí padà. A kò lè yí ẹ̀jẹ̀ tí a bí mọ́ wa, a kò sì lè dá ọjọ́ orí dúró, àmọ́ àwo wà níkàáwọ́ wa.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó lọ síwájú: oúnjẹ kì í ṣe oògùn pírọ́sítéètì. Kò sí ọbẹ̀ tó ń mú ìlẹ̀kẹ̀ tó ti wú sún kì, kò sì sí ẹ̀fọ́ tó ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ohun tí oúnjẹ tó dára lè ṣe ni pé kó má jẹ́ ká sanra jù, kó jẹ́ kí ìgbẹ́ máa rọ̀, kó sì fún ara ní ohun tí á fi máa gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikùn yẹn ṣe kókó. Ní àdúgbò wa, tí ikùn bàbá bá yọ síta, a máa ń ní ó ń jẹ ayé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọ̀rá àjù lára wà lára ohun tó ń mú kí jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì le, ó sì ń bá wíwú lásán rìn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí búkà. Bàbá jókòó, ó na ọwọ́ sókè: “Ìyá, ẹ bá mi bu àmàlà mẹ́rin. Ẹ fi ewédú àti gbẹ̀gìrì díẹ̀ lé e. Ògúnfe méjì, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ kan. Ẹ ré epo ojú ọbẹ̀ lé e lórí dáadáa o!”

N kò bá abúlà jà. Ọmọ Ìbàdàn wo ló máa bá abúlà jà? Ewédú dára. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni látòkèdélẹ̀. Àmàlà alára kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ètò inú àwo ló dorí kodò: òkèlè di òkè, ẹran di ọ̀pọ̀, ewédú tó yẹ kó jẹ́ baálé wá di àlejò. Ẹ yí i padà báyìí: “Ìyá, ẹ bu méjì fún mi. Ẹ sọ ewédú àti gbẹ̀gìrì di ìlọ́po méjì. Ẹja kan, ògúnfe kan. Ẹ má ré epo lé e.” Ìyá alámàlà á wò yín lójú, á ní: “Bàbá, ṣé kò sí owó ni?” Ẹ dá a lóhùn pé owó ń bẹ, ikùn lẹ fẹ́ dín kù.

Kí ọbẹ̀ pọ̀ ju òkèlè. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ láàárọ̀ yìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ẹ̀bà ni o, fùfú ni o, iyán ni o, òfin kan náà ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni, ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín pọ̀ ju ẹ̀kọ lọ. Tó bá jẹ́ ìrẹsì ni, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tó bá a rìn ju ìrẹsì lọ.

(Ìlù kúkúrú.)

Ó yá, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbé bírò. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ gbé e. Kò sí òfin tó ní kí ọkùnrin má dáná. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kan la fẹ́ sè fún ẹni márùn-ún. Tòmátì pípọ́n mẹ́jọ, tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá méjì, ìrú ẹ̀kúnwọ́ kan, epo pupa síbí ìjẹun mẹ́ta, ẹja títùs méjì, àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ìdì mẹ́ta ńlá.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹ̀fọ́ kẹ́ ẹ tó gé e. Ọ̀pọ̀ wa ń gé e tán ká tó fọ̀ ọ́, a ń bọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, a tún ń fún un bí ẹni fún aṣọ. Omi aláwọ̀ ewé tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà yẹn, nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oore ẹ̀fọ́ ti ń bá a lọ. Ẹ da omi gbígbóná lé e lórí fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ sẹ́ ẹ, ó tó.

Ẹ gbé epo kaná, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó rú èéfín. Àwọ̀ pupa epo yẹn, oúnjẹ ló jẹ́ fún ara. Tẹ́ ẹ bá dín in títí ó fi funfun, ẹ ti sun oúnjẹ náà níná. Tí epo bá ti gbóná díẹ̀, ẹ da àlùbọ́sà sí i, lẹ́yìn náà tòmátì àti ata tẹ́ ẹ ti lọ̀. Ẹ fi iná jẹ́jẹ́ dín in títí omi rẹ̀ á fi gbẹ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ dídín ni pé ohun kan wà nínú tòmátì tó ń mú un pọ́n, láíkópíìn lórúkọ rẹ̀. Tòmátì tútù kì í tú u sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Iná ló ń já a gbà lọ́wọ́ èèpo rẹ̀, epo díẹ̀ ló sì ń gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1995, Edward Giovannucci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ọkùnrin tó lé ní 47,000. Àwọn tó ń jẹ tòmátì àti oúnjẹ tí wọ́n fi tòmátì sè ju ìgbà mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀, jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì kò mú wọn tó àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Nínú àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e, àwọn kan gbè é lẹ́yìn, àwọn kan kò gbè é. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní tòmátì ń dènà jẹjẹrẹ pátápátá, ó ti bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ata díndín, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká máa sè é lọ. Tí tòmátì bá wọ́n, tí agbọ̀n rẹ̀ sì ti kọjá agbára wa, ti inú agolo náà ní láíkópíìn. Kẹ́ ẹ ṣáà dín iyọ̀ kù. Ìbẹ́pẹ tí inú rẹ̀ pọ́n ní i, gúáfà tí inú rẹ̀ pọ́n ní i, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́tàmẹ́lọ̀n.

Ẹ da ìrú sí i báyìí. Ìrú tó bá pọ̀ kì í jẹ́ kí mágì pọ̀. Ẹ to ẹja sí i, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá da ẹ̀fọ́ sí i níkẹyìn, ẹ rò ó pọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán. Ìgbàkọ méjì fún bàbá, òkèlè kékeré kan. Ẹ̀fọ́ yẹn máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, torí tí ìgbẹ́ líle bá kún ìfun, ó máa ń ti àpò ìtọ̀, ìtọ̀ tó ti ń ṣòro tẹ́lẹ̀ á tún wá ṣòro sí i.

Ní ti ẹran, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pa á tì. Ẹ jẹ́ kó kéré, kó má sì jẹ́ ojoojúmọ́. Àsun àti súyà tí iná ti jó dúdú, ẹ gé ibi tó jó yẹn dànù.

(Ìlù kúkúrú.)

Ó ku ohun tí à ń mu. Àpò ìtọ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ ti há kì í fẹ́ kọfí, kì í fẹ́ ọtí, pàápàá lálẹ́. Ẹ má torí pé ẹ̀ ń tọ̀ púpọ̀ kẹ́ ẹ má mu omi mọ́ o. Ìtọ̀ á ki jù, á sì máa ta yín. Ẹ mu omi yín ní ọ̀sán dáadáa, kẹ́ ẹ dín in kù bó bá ku nǹkan bí wákàtí méjì kẹ́ ẹ sùn. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, ẹ sọ fún ẹni tó ń ta oògùn pé ìtọ̀ ń yọ yín lẹ́nu, nítorí àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan lè ti ọ̀nà ìtọ̀ pa.

Párága ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọtí ni párága, ewé yòówù kó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ń lé kiri lóru tó wá ń mu ọtí lálẹ́, epo ló ń dà sí iná.

Kí àwọn tó ń ta hóró oògùn òyìnbó oní fítámì nínú mọ́tò náà má rò pé mo gbàgbé àwọn. Ní 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní SELECT ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ọkùnrin tó lé ní 35,000 ló kópa. Àwọn kan ń lo fítámì E, àwọn kan ń lo sẹlẹ́níọ̀mù, àwọn kan ń lo méjèèjì, wọ́n sì fún àwọn kan ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìrètí wọn ni pé á dènà jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì. Ní 2008 wọ́n ní kí wọ́n ṣíwọ́ lílò ó, torí àǹfààní rẹ̀ kò hàn. Nígbà tó fi máa di 2011, wọ́n rí i pé láàárín àwọn tó ń lo fítámì E nìkan, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn tó lo hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ohun tí wọ́n ní kó dáàbò bo ni ló fi kún un. Fítámì inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà kì í ṣe báyìí fún ẹnikẹ́ni. Owó hóró yẹn, ẹ fi ra ewédú.

(Ìlù rọra wọlé lábẹ́ ohùn.)

Bàbá wa ẹni ọdún 62 ńkọ́? Ká ní ó yí àwo rẹ̀ padà láti òní. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwo kò lè sọ fún un bóyá ìlẹ̀kẹ̀ kàn wú lásán ni, tàbí àtọ̀gbẹ ni bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wí, nítorí àtọ̀gbẹ náà máa ń mú ni tọ̀ lóru, tàbí jẹjẹrẹ ni. Àyẹ̀wò ló ń sọ ìyẹn: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń pè ní PSA, wọ́n á yẹ ṣúgà ara wò, dókítà sì lè fi ìka wọ ìdí láti mọ bí pírọ́sítéètì náà ṣe rí lọ́wọ́. Ti ìka yẹn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. PSA tó ga kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Wíwú lásán àti àìsàn kòkòrò náà máa ń gbé e sókè. Ó kàn ń sọ pé kí wọ́n wò ó síwájú sí i ni. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó bá ti pé 45, kó bá dókítà sọ ọ́, pàápàá tí jẹjẹrẹ yìí bá ti mú bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ sé pátápátá, kó má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Láti Bẹẹrẹ, ẹ gba Yemẹtu, UCH kò jìnnà.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ fún yín, ìyàwó ló sì máa bá yín ṣe é. Fún òru mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye ìgbà tẹ́ ẹ dìde, aago tẹ́ ẹ dìde, ohun tẹ́ ẹ mu kẹ́ ẹ tó sùn. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú dání lọ bá dókítà. Òun ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kúkú ti ń kà á tipẹ́. Lóru òní, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí bàbá mọ́. Ẹ yíjú sí i, kẹ́ ẹ sì kà á jáde.



(Ìlù àmì ètò gòkè, ó sì parí.)